Ìdáhùn Inú Kùrukùru

Kọ́!

Bí Ọlálẹ́yẹ ṣe kọ́kọ́ mọ obìnrin náà nìyẹn, kí ó tó mọ ojú rẹ̀, kí ó tó mọ orúkọ rẹ̀. Àjẹ̀ ló gbá etí ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nínú kùrukùru òwúrọ̀ tó bo omi láti Zion Pepe títí dé ọ̀nà Ode Mahin. Kọ́! Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Àfi bí ẹni pé omi pàápàá ń tẹ́tí.

Ẹni tí kò dàgbà sórí omi lè máà mọ ohun tí ohùn yẹn ń wí. Ní tiwa, bí kùrukùru bá sọ̀, atukọ̀ kì í rí imú ọkọ̀ ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi fi àṣà kan lélẹ̀. Ẹni tó bá gbá etí ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìbéèrè ló ń béèrè: ta ló wà níbẹ̀, ṣé lílọ lò ń lọ ni àbí bíbọ̀ lò ń bọ̀? Ẹni tó bá ń jáde lọ á dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ń darí bọ̀ wálé, ilé tí àwa ń pè ní ulé, á dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ọkọ̀ méjèèjì á wá mọ bí wọn yóò ṣe yà fún ara wọn. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tá rẹ ló béèrè, o kò gbọdọ̀ dákẹ́. Ẹni tó dákẹ́ nínú kùrukùru kò yàtọ̀ sí ẹni tó ti ọmọnìkejì rẹ̀ sómi.

Ọmọ ogún ọdún ni Ọlálẹ́yẹ nígbà náà, tíṣà kékeré nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ sí Ode Mahin, ó sì gbá etí ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bó ti yẹ. Kò pẹ́ ni imú ọ̀pẹẹrẹ kan yọ sí i lójijì, ó sì fi ìhà gbá tirẹ̀, gbì!

"O ò lójú ni?" Ohùn obìnrin ni.

"Ojú wo? Nínú èyí?"

"Mo béèrè, o ní ò ń lọ, o wá ń rìn lápá òsì bí ẹni tó ń bọ̀! Àbí wọn ò kọ́ ọ ní ọ̀tún àti òsì nílé yín?"

"Èmi gan-an ni mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ọ̀tún àti òsì. Tíṣà ni mí."

"Áà! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ mi bọ́ sí kíláàsì rẹ o, Tíṣà."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Kùrukùru ṣí díẹ̀, Ọlálẹ́yẹ sì rí i: ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ta ìborùn aláwọ̀ ewé, tó jókòó láàrin òwú àwọ̀n tó kún ọkọ̀ rẹ̀ dé etí. Bàdírátù ni, ọmọ Sùlèímánì tó ń ta àwọ̀n. Ó ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ tipẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ojú rẹ̀ rí báyìí.

Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń pàdé lójú omi. Ọlálẹ́yẹ ni yóò gbá lẹ́ẹ̀kan, Bàdí á dáhùn, wọ́n á wá so ọkọ̀ méjèèjì mọ́ gbòǹgbò igi ẹ̀gbà kan, igi etí omi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń yọ sókè omi. Bàdí kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ta kókó àwọ̀n tí kì í tú. Òun náà kọ́ Bàdí ní ìwé kíkọ, nítorí ilé kéwú nìkan ni bàbá rẹ̀ rán an lọ. Ẹfun ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sínú ọ̀pẹẹrẹ. Bí omi bá ti ta sí i, ó ti pa rẹ́.

"Tíṣà mi, omi tún ti jẹ iṣẹ́ àṣetiléwá mi."

"Tún un kọ, olólùfẹ́ mi. Omi ò lè jẹ ẹ́ tán."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Bàdí dá kọ láìwo ọwọ́ rẹ̀ ni "Ta ló wà níbẹ̀?" Ó kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ, ó sì ń wo Ọlálẹ́yẹ bí ẹni tó ṣẹ̀dá oṣù.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ojú omi gbọ́dọ̀ gúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nígbà tí Ọlálẹ́yẹ lọ bá Bàbá Sùlèímánì, ọkùnrin náà fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbà á lálejò, ó fún un lómi mu.

"Tíṣà, ọmọlúàbí ni ọ́," ni ó wí. "N ò rí àléébù kan lára rẹ. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Bí mo bá fà á lé ẹni tí kì í foríbalẹ̀ síbi tí mo ń foríbalẹ̀ sí lọ́wọ́, lọ́jọ́ tí mo bá kú, ta ni yóò máa rán an létí ìrun?"

Ti Ọmọ́yẹlé, ìyá Ọlálẹ́yẹ, kò ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú. Ìyá aláṣọ funfun ni, ọwọ̀n ìjọ ni.

"Láti inú oyún ni mo ti fi ọ́ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run," ni ó wí. "Bí o bá fẹ́ ọmọ ìmàle, ọ̀bẹ lo fi gé ẹ̀jẹ́ mi."

Lọ́dún 1983 ni ìwé dé pé Ọlálẹ́yẹ ti rí àyè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílùú òyìnbó, ọdún mẹ́ta. Bàdí di ọwọ́ rẹ̀ mú lábẹ́ igi ẹ̀gbà.

"Lọ. Ọdún mẹ́ta ò jìnnà. Lọ́jọ́ tí o bá ń lọ, èmi á wà lójú omi láàárọ̀. Màá gbá lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá ti dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, mo mọ̀ pé ìdáhùn ẹni tó ń lọ tó sì máa bọ̀ nìyẹn. Màá dúró dè ọ́. Kò sẹ́ni tó lè fi mí fún ẹlòmíràn."

"Bàdí mi, bí mo bá di odi, àjẹ̀ mi á dá ọ lóhùn."

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kùrukùru sọ̀ bí kò ṣe sọ̀ rí. Ọlálẹ́yẹ ló ń tukọ̀ lọ sí Igbókòdá, ibi tí mọ́tò wà. Ìyá rẹ̀ jókòó níwájú, ó kọjú sí i, àpótí wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Kọ́!

Ọlálẹ́yẹ gbé àjẹ̀ sókè. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mo mọ ẹni tó ń gbá a," ni ó sọ jẹ́jẹ́. "Bí o bá dá a lóhùn, inú omi yìí ni màá bọ́ sí lójú rẹ."

Kọ́! Ohùn náà ń sún mọ́ wọn. Kọ́! Ó ti wà lápá òsì. Kọ́! Ó ti ń jìnnà. Ọlálẹ́yẹ wo ojú ìyá rẹ̀, kò sì rí ìhàlẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rù ló rí. Ó sọ àjẹ̀ kalẹ̀ sórí itan. Omi ló ń gbé wọn lọ. Kọ́!

Kò dáhùn.

Ẹ̀yin ará, ọdún mẹ́ta di ọdún méjìlélógójì. Àjò ò dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ojú ń ti ẹlòmíràn láti relé. Ní Manchester ni Ọlálẹ́yẹ gbé kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó gbé ìyàwó níbẹ̀, obìnrin dáadáa, kò bímọ fún un, ó sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kan péré ló wálé, ìsìnkú ìyá rẹ̀ ni, ọjọ́ mẹ́rin ló lò. Wọ́n sọ fún un pé Warri ni Bàdírátù wà nílé ọkọ. Kò tún béèrè mọ́.

Ohun kan wà tó kọ́ tó sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún aráyé. Ẹ̀yin mọ ilé tiwa, tó jẹ́ pé òpó àti ìdábùú la kọ́kọ́ ń rì sómi kí a tó to pákó lé e. Àwọn tó ń kọ́ ìkànnì ayélujára náà ní irú òpó bẹ́ẹ̀, férémùwọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Ọlálẹ́yẹ kọ́ ọ̀kan, ó pè é ní Afárá, àwọn tí kò mọ̀ rí sì ń kọ́lé lé e káàkiri ayé.

Afárá lágbára, ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan. Bí o bá ṣí ìkànnì, fóònù rẹ á béèrè, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí ìròyìn wà nínú rẹ̀, á dáhùn, ilẹ̀kùn á sì padé. Ohunkóhun tó bá yí padà lẹ́yìn náà, o ò ní í mọ̀, àfi bí o bá padà lọ béèrè. Ọjọ́ pẹ́ táwọn ènìyàn ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi WebSocket sí i, ìyẹn ọ̀nà tí ilẹ̀kùn kì í fi í padé, tí ìròyìn á máa dé fúnra rẹ̀ bó bá ti ń ṣẹlẹ̀. Ó kọ̀.

"Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ń dá sáfà lágara," ni ó máa ń wí. "Ẹni tó bá fẹ́ ìròyìn, kó padà wá béèrè."

Kingsley, ọmọ Warri tí wọ́n jọ ń tọ́jú Afárá láti Èkó, a máa fi ṣẹ̀fẹ̀. "Bàbá Afárá, kí ni ilẹ̀kùn ṣíṣí fi ṣe yín gan-an? Ṣé olè ló gba ibẹ̀ wọlé yín ni?"

Ọlálẹ́yẹ kì í dáhùn. Dídákẹ́ ti mọ́ ọn lára.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún yìí, lẹ́tà kan dé sójú ìwé tí àwọn ènìyàn ti ń kọ ẹ̀dùn ọkàn wọn nípa Afárá. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́.

"Ẹ̀yin olùtọ́jú Afárá, ẹ kú iṣẹ́. Rekiyat lorúkọ mi, tíṣà ni mí ní Zion Pepe. Orí Afárá yín ni mo kọ́ ìkànnì ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ẹlẹ́ja lé, tí a ti ń sọ bí òkun ṣe rí àti ọkọ̀ tó ti gbéra. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ tó kó ènìyàn mọ́kànlá gbéra ní Abereke. Ìkànnì wa ní omi dákẹ́. Òótọ́ ni, omi dákẹ́ ní agogo méje. Nígbà tó fi di agogo mẹ́jọ, òkun ti yí padà, a sì ti kọ ọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ti agogo méje ni fóònù awakọ̀ ṣì ń fi hàn án. Orí ló yọ gbogbo wọn. Yèyé mi ni ààrẹ ẹgbẹ́. Wọ́n ní kí n bi yín ní ìbéèrè kan: níbi tí ẹ wà, bí ènìyàn bá gbá etí ọkọ̀ nínú kùrukùru, ṣé ẹ kì í dáhùn ni?"

Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ ààrẹ sí: Bàdírátù Sùlèímánì.

Tíì tó wà lọ́wọ́ Ọlálẹ́yẹ tutù kó tó rántí pé òun ń mu nǹkan. Bàdí ò mọ̀ pé òun ló ni Afárá, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Síbẹ̀, nínú gbogbo ayé, ọ̀dọ̀ òun ni ìbéèrè yẹn wá gúnlẹ̀ sí.

Ó kọ̀wé padà pé: "Rekiyat, ọmọ mi, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ kí Yèyé." Kò fi orúkọ sí i, nọ́ńbà fóònù nìkan ló kọ. Kò láyà.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ti ń ka nípa WebSocket láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ṣùgbọ́n kíkà yàtọ̀ sí ríri òpó. Fóònù á kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn bó ṣe ń kàn án tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n á fi kún un pé: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í. Sáfà á ní: mo gbà. Láti ìgbà náà, kò sí olùbéèrè, kò sí olùdáhùn mọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wà lẹ́nu rẹ̀ á sọ ọ́. Ẹnu sì ya Ọlálẹ́yẹ jù nígbà tó dé ibi kan. Lẹ́yìn bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, sáfà gbọ́dọ̀ fi nǹkan kékeré kan ránṣẹ́, ìpè tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, pé: ṣé o ṣì wà níbẹ̀? Fóònù sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Ó di dandan. Bí kò bá dáhùn, sáfà á gbà pé ó ti rì.

Ọlálẹ́yẹ dìde kúrò lórí àga.

"Kọ́," ni ó sọ sókè, òun nìkan nínú yàrá. "Kọ́ ni wọ́n ń gbá yìí o!"

Gbogbo ọgbọ́n òyìnbó, gbogbo wáyà tó gba abẹ́ òkun kọjá, inú kùrukùru Zion Pepe ló wá já sí. Ohun tí àwọn baba rẹ̀ mọ̀ lórí ọ̀pẹẹrẹ ni ayé fi ń di ara rẹ̀ mú. Òun tó mọ̀ ọ́n ni kò dáhùn.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, àṣìṣe kan wà níbẹ̀, tirẹ̀ sì ni. Ó sọ fún sáfà pé bí fóònù kan bá ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ náà ti sọnù. Rekiyat pè é lórí fóònù lọ́jọ́ kejì, ariwo obìnrin wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti pa wá! Bí ọkọ̀ bá ti wọ ẹ̀yìn ẹ̀gbà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ. Ọkọ̀ mẹ́fà lẹ rì fún wa láàárọ̀ yìí, gbogbo wọn ló sì ti dé! Ìyàwó kan ti tú gèlè rẹ̀, ó ti ń sunkún, ọkọ rẹ̀ wá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́."

"Ẹ má bínú, ọmọ mi. Màá tún un ṣe."

"Yèyé ní kí n sọ fún yín," ohùn Rekiyat rọlẹ̀, "pé kí ẹ má tètè pe ẹni tó dákẹ́ ní òkú. Ẹ tún gbá a. Ẹ ní sùúrù, kí ẹ tún gbá a."

Ọlálẹ́yẹ tún un ṣe. Afárá á máa tún un gbá, á máa dúró, á sì tọ́jú gbogbo ìròyìn tí ẹni tó wọ ẹ̀yìn ẹ̀gbà kò gbọ́, kó lè kó o fún un nígbà tó bá yọ. Àwọn obìnrin tún bẹ̀bẹ̀ fún bọ́tìnì kan tí wọ́n bá tẹ̀, kí fóònù ẹni tó wà lọ́hùn-ún dún kọ́, bíi ti àjẹ̀. Bàdírátù ló ní kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó fi í sí i.

Láàárọ̀ Sátidé kan, wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Rekiyat pè é láti etí omi.

"Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀!"

Ọlálẹ́yẹ ń wo ojú kọ̀ǹpútà ní Manchester. Àmì pupa kékeré kan, ọkọ̀ kan láti Abereke, ń rìn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó ń rìn fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ gidi ṣe ń rìn lójú omi, ó yà bá ẹ̀yìn ẹ̀gbà, ó dúró, ó tún yọ.

"Yéè! Ó ń rìn!" àwọn obìnrin ń pariwo nínú fóònù. "Ẹ wò ó! Ọkọ Jọọlá nìyẹn! Jọọlá, dáná kalẹ̀, ọkọ rẹ ti dé ìyànà!"

"Ẹ sọ fún un kó yára, ebi ń pa mí!" ni Jọọlá dáhùn. Ẹ̀rín gba gbogbo etí omi.

Omijé bọ́ lójú Ọlálẹ́yẹ. Òun ló kọ gbogbo rẹ̀, ó mọ èèkàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ó ń wò ó bí ìgbà tí ọmọdé kọ́kọ́ rí òkun.

Ìgbà náà ni orúkọ kan yọ lápá òsì, àmì aláwọ̀ ewé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmì pé ẹni náà wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú yìí gan-an. Bàdírátù. Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta: "Bàdírátù ń kọ̀wé."

Ó dúró. Ọ̀rọ̀ náà parẹ́. Ó tún yọ. Ọlálẹ́yẹ rí ìka náà bí ẹni pé ó wà níwájú rẹ̀, ìka tó di ẹfun mú nínú ọ̀pẹẹrẹ. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ dé:

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Kí ó tó tẹ ohunkóhun, Bàdí tún kọ̀wé.

"Rekiyat ní ẹ ò fi orúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a ò júwe ohùn àjẹ̀ fún yín, ta ló mọ̀ ọ́n nílùú òyìnbó? Tíṣà, ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni," ni ó kọ. "Bàdí, èmi ni."

Àmì aláwọ̀ ewé náà kò yẹ̀.

"Ọkọ̀ mi dojú dé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn," ni ó wá kọ. "Ṣé o mọ̀? Mo ń tẹ̀ lé ibi tí mo rò pé o wà. Mo forí sọ igi tí wọ́n ń so àwọ̀n mọ́. Mo di igi náà mú títí kùrukùru fi ṣí, apẹja kan ló gbé mi. Bàbá mi béèrè ohun tí mo wá dé ibẹ̀. Mo sọ òótọ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n so yìgì mi ní Warri."

Ọlálẹ́yẹ bo ojú. Ọdún méjìlélógójì ló fi rò pé ìdákẹ́ òun kò ṣe ju kí ó bà á lọ́kàn jẹ́ lọ.

"Mi ò mọ̀. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò mọ̀. Yèyé mi di ọwọ́ mi mú, ó ní òun á bọ́ sómi."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ṣe dáadáa sí mi, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti lọ, ìgbà náà ni mo padà sí Zion Pepe. Mi ò bínú mọ́, Tíṣà. Ṣùgbọ́n gbogbo àárọ̀ tí kùrukùru bá sọ̀, etí mi ṣì ń retí."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ láràárọ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ láàrin wọn. Bàdí ń sọ ti ẹja tó wọ́n, ti òkun tó ń jẹ ilẹ̀ wọn lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà míì, kò sẹ́ni tó ń sọ nǹkan kan. Ọlálẹ́yẹ kàn ń wo àmì aláwọ̀ ewé náà, ó tó o.

Rekiyat ló kọ́kọ́ fura. Ó pè é.

"Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ ṣe iṣẹ́ ńlá fún wa. Ṣùgbọ́n Yèyé mi ń rẹ́rìn-ín sí fóònù bí ọmọge, àwọn ẹlẹ́ja ti ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ ti fi Yèyé mi sílẹ̀ lójú omi lẹ́ẹ̀kan. Òkun ti dé ẹ̀yìn ilé wa. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, mo fẹ́ kó wọn dání lọ sí Òkìtìpupa pátápátá, ibẹ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ tíṣà mi lọ. Kí lẹ fẹ́?"

Ọlálẹ́yẹ ní kó fún òun ní ọjọ́ mélòó kan. Ó pe Ọmọlará, àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Zion Pepe, ó ń retí ìbáwí.

"Ọmọ ìmàle yẹn náà!" Ọmọlará pariwo. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta! Eyín mélòó ló kù lẹ́nu yín tí ẹ fẹ́ fi sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́?"

"Ó tó í sọ ọ́. Mo mọ̀ pé bí Yèyé wa bá wà láyé, wọn ò ní fẹ́ ẹ."

Ọmọlará jáwọ́ nínú àwàdà.

"Bọ̀ọ̀dá, ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín rí. Mo rò pé ogbó ló ń da Yèyé láàmú. Ní ọdún mẹ́ta tí wọ́n lò kẹ́yìn, bí kùrukùru bá ti sọ̀, wọ́n á ní kí n gbé wọn jáde sórí pákó ìta. Wọ́n á mú ọ̀pá dání. Bí ẹnikẹ́ni bá gbá etí ọkọ̀, wọ́n á fi ọ̀pá gbá òpó ilé lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní, 'Yèyé, ilé lẹ jókòó sí, ẹ ò sí lójú omi.' Wọ́n ní, 'Ọmọ mi ni mò ń bá dáhùn.'"

Ọlálẹ́yẹ fa àga kan, ó jókòó.

"Nítorí náà, ẹ má fi Yèyé bojú," ni Ọmọlará wí. "Wọ́n ti dáhùn tiwọn. Ó ku tiyín."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Bàdírátù kọ̀wé sí i.

"Rekiyat ti sọ fún mi pé òun bi ọ́. Mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn. Ti àlùfáà àti ti wòlíì, a ó pè wọ́n jókòó, a ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń di lọ́wọ́ mú lọ. Èmi á gbá lẹ́ẹ̀kan, bí mo ṣe gbá a lọ́jọ́ yẹn. Dáhùn bí a ṣe ń dáhùn nílé wa. Bó bá jẹ́ méjì, mo mọ̀ pé ẹni tó ń lọ ni ọ́, mi ò ní í bínú, màá tẹ̀ lé ọmọ mi lọ sí Òkìtìpupa. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, màá dúró. Ṣùgbọ́n, Tíṣà, dáhùn."

Lẹ́yìn náà ni fóònù rẹ̀ dún.

Kọ́!

Ọlálẹ́yẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó dá ọwọ́ dúró. Ẹni tí kò tíì darí ọkọ̀ kì í gbá a lẹ́ẹ̀mẹta. Irọ́ ni yóò jẹ́. Ó pe Kingsley.

"Afárá di tìrẹ láti òní."

"Bàbá, kí ló dé? Níbo lẹ ń lọ?"

"Ilẹ̀kùn tí o béèrè lọ́jọ́sí, mo fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé."

Ó gba ìwé ọkọ̀ òfurufú, ti àlọ nìkan. Ó kó aṣọ díẹ̀ sínú àpótí, ó ti ilé, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́. Ní agogo méje àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ti wà ní pápákọ̀ òfurufú, ojú rẹ̀ kọ sí gíláàsì ńlá. Níta, ẹ gbà mí gbọ́, kùrukùru sọ̀ títí dé ilẹ̀, ìrù ọkọ̀ òfurufú nìkan ló hàn bí imú ọ̀pẹẹrẹ.

Ó ṣí Afárá. Àmì aláwọ̀ ewé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Bàdí. Láti àná, kò tíì kúrò níbẹ̀.

Ó tẹ bọ́tìnì náà lẹ́ẹ̀kan. Kọ́! Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kọ́! Ìka rẹ̀ yẹ̀ lórí fóònù, ìṣẹ́jú àáyá kan kọjá, ìkejì kọjá, méjì péré sì ni Bàdí tíì gbọ́ lọ́hùn-ún. Ó rí i tí àmì náà ń ṣẹ́jú. Ó rántí àjẹ̀ tó sọ kalẹ̀ sórí itan. Kò sẹ́ni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú mọ́.

Kọ́!